Ta Ló Fọwọ́ sí Ilé Ọtí Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Wa? Káńsù àti Ìwé Àṣẹ Ọtí ní Ilẹ̀ Okun

Bí ilé ọtí tuntun bá fẹ́ ṣí ní àdúgbò kan ní Kabba, Iyara, Ìsánlú tàbí Mopa, ní ilẹ̀ àwa Yorùbá Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ará ilé ẹ̀gbẹ́ kì í gbọ́ tẹ́lẹ̀. Àga oníke funfun la máa kọ́kọ́ rí, agboòrùn tí ilé-iṣẹ́ ọtí fi ń polówó ọjà, fíríìjì onígíláàsì, àti sípíkà méjì tó kọjú sí títì. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, orin á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ògiri rẹ̀ so mọ́ tiwọn á máa yí sọ́tùn-ún yí sósì títí àkùkọ á fi kọ. Lọ́jọ́ kejì, ó lè lọ bá baálẹ̀, ó lè lọ bá ọlọ́pàá, ó lè fẹjọ́ sun pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù. Díẹ̀ nínú wa ló ń rántí pé ọ́fíìsì kan wà tí òfin dìídì gbé ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́, ìyẹn káńsù ìjọba ìbílẹ̀.

Ìwé àṣẹ ọtí jẹ́ ìpinnu tó yẹ kí káńsù ṣe lójú gbogbo ayé, lẹ́yìn tí ó bá ti wo ibẹ̀, tí ó sì ti gbọ́ tẹnu aládùúgbò. Ní ilẹ̀ wa, ó ti di rìsíìtì lásán. Ẹni tó sanwó ti gbàṣẹ nìyẹn. Ọ̀ràn yìí ń dùn mí, nítorí àti ẹni tó ń tà àti ẹni tí kò lè sùn ló ń jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé òfin. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní àfikún kan lẹ́yìn, Àfikún Kẹrin, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí: ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun, ìgbéyàwó àti òkú, àní títí dórí kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke. Ní abala kan náà tí wọ́n ti mẹ́nu ba ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti ilé ìfọṣọ, ọtí ni wọ́n fi kádìí rẹ̀. Káńsù ni yóò fúnni níwèé àṣẹ láti tà á, òun ni yóò ṣètò bí wọ́n ṣe ń tà á, òun náà ni yóò sì kó títà rẹ̀ níjàánu. Wọn kò darúkọ gómìnà níbẹ̀, wọn kò sì darúkọ ọlọ́pàá tàbí ọba.

Ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Apá Keje òfin náà sọ pé òfin tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe ni yóò gbé iṣẹ́ wọ̀nyí lé káńsù lọ́wọ́. Káńsù kò wá lè dédé jí láàárọ̀ kó gbé òfin ọtí kalẹ̀ láti inú orí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé aṣòfin náà kò lágbára láti gba iṣẹ́ ọ̀hún kúrò lọ́wọ́ káńsù kó gbé e fún ẹlòmíì, torí òfin ní iṣẹ́ inú Àfikún Kẹrin gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí wọ́n máa gbé fún wọn.

Ti owó ńkọ́? Ní ọdún 1998, ìjọba ológun ṣe òfin kan tó to oríṣi owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ lè gbà lọ́wọ́ ará ìlú, kí wọ́n má baà máa gba owó kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú ti ìjọba ìbílẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù ló ṣíwájú, owó ilé tẹ̀lé e, owó ìwé àṣẹ ọtí ló sì ṣìkẹta. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí: ọtí tí oníbàárà jókòó mu síbẹ̀, àti èyí tó rà tó gbé lọ. Nítorí náà, ìyá tó ń ta mílíìkì, ọṣẹ àti bisikíìtì, tó sì to ìgò ọtí mélòó kan sórí pákó lẹ́yìn rẹ̀, òun náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé ọ̀rọ̀ ilé ọtí nìkan ni.

Ọwọ́ púpọ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ ọtí, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń ṣi ẹnu ọ̀nà kàn. NAFDAC ló ń fọwọ́ sí ọtí fúnra rẹ̀, pé ó ṣeé mu àti pé wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló dá ẹjọ́ yẹn ní oṣù keje ọdún 2013, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ àti Ìpínlẹ̀ Èkó jọ ń fà á. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá. Bí ilé ìyàgbẹ́ kò bá sí tàbí tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn sójú pópó, wolé-wolé. Ṣùgbọ́n pé kí a ta ọtí ní ilé yìí, ní òpópónà yìí, títí di aago báyìí, káńsù ló ni ín.

Bí ó ṣe ń lọ gan-an nìyí. Obìnrin kan tó ń tajà lójú ọ̀nà tó ti Kabba lọ sí Obajana kó ìwé rẹ̀ jáde fún mi wò. Inú ọ̀rá dúdú ló kó wọn sí, ó sì so ó mọ́ abẹ́ tábìlì kí òjò má baà kàn án. Ti ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ti pátákó ìpolówó wà níbẹ̀, ti ìmọ́tótó wà níbẹ̀, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà tí wọ́n kọ ọtí sí. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, iye owó, ọdún, àti òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù tó ti ń parẹ́. Mo yí i padà bóyá mo máa rí nǹkan lẹ́yìn. Òfìfo ni. Kò sí aago tó gbọ́dọ̀ tì. Kò sí bóyá inú ilé ni kó ti máa tà tàbí ìta. Kò sí ọ̀rọ̀ lórí orin, kò sí ọ̀rọ̀ lórí ọmọdé, kò sí nọ́ńbà ilé. Ẹni tó já a fún un kò wọlé, kò wo ẹ̀yìnkùlé, kò béèrè ibi tí àwọn tó ń mutí máa tọ̀ sí. Ó ní òun ń san án kí wọ́n má baà fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn òun pa ni.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù ni pé kò mọ èwo nínú àwọn tó ń wá gbowó ló jẹ́ ti káńsù lóòótọ́. Àwọn kan máa ń wọ fẹ́sìtì, àwọn kan á gbé ọ̀kadà wá láìwọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ òfin 1998 náà ka irú èyí léèwọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe aláṣẹ owó orí gan-an kò gbọ́dọ̀ ṣírò tàbí gba owó wọ̀nyí, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà láti fi gbowó orí. Ẹni tó bá ti rìn láàárín Kabba sí Ẹ̀gbẹ̀ nígbà tí àwọn olùgbowó bá gbé pákó oníṣòó sójú títì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé òfin yẹn tó.

Nígbà tí ìwé àṣẹ bá ti di rìsíìtì, ọ̀rọ̀ méjì ló ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Aládùúgbò kò ní ibi tó lè di mú, nítorí bí ìwé kò bá sọ pé aago mọ́kànlá ni kí wọ́n tì, ta ló máa sọ pé wọ́n rú òfin ní aago méjì òru? Ẹni tó ń tà pẹ̀lú kò ní ààbò. Ó ti sanwó, síbẹ̀ tí alága tuntun bá dé tàbí tí ẹnìkan tó lẹ́nu ládùúgbò bá bínú sí i, wọ́n lè ti ibẹ̀ pa láìsí ìdí tó wà lákọsílẹ̀. Ìwé tó ní ìlànà nínú ì bá gbèjà rẹ̀. Á kàn fi hàn wọ́n ni pé ohun tí ẹ ní kí n ṣe nìyí, mo sì ń ṣe é.

Lábẹ́ àwọn òfin ọtí tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó, bó ṣe yẹ kó rí kò ṣòro lóye. Ẹni tó fẹ́ ta ọtí á kọ̀wé béèrè. Wolé-wolé á lọ wo ibẹ̀, ọlọ́pàá á sọ ohun tó mọ̀ nípa ẹni náà àti àdúgbò náà, àwọn tó ń gbé ìtòsí á láǹfààní láti takò ó, lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ á wá jókòó lé e. Ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún ìwé náà ṣe, kí wọ́n lè bi ara wọn bóyá ẹni náà ṣe dáadáa lọ́dún tó kọjá.

Àwọn tó fún wa ní òfin náà ti tún tiwọn ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, adájọ́ májísíréètì ló ń fúnni níwèé àṣẹ ọtí tẹ́lẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2003, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, gbé e fún káńsù. Ẹni tó bá ń béèrè ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ lẹ bébà aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kan mọ́ iwájú ibẹ̀ fún ọjọ́ 28, kí ẹni tó ń kọjá lè kà á kó sì kọ̀wé takò ó. Ohun mẹ́rin péré ni káńsù gbọ́dọ̀ gbé yẹ̀wò: ìwà ọ̀daràn, ààbò ara àwọn èèyàn, ìdààmú àdúgbò, àti ààbò ọmọdé. Tí ìdààmú bá sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ìwé, ará àdúgbò kan ṣoṣo lè ní kí káńsù tún un yẹ̀ wò. Èmi kò sọ pé ká daṣọ wọn bora. Àmọ́ bébà kan tí wọ́n lẹ mọ́ ògiri fún oṣù kan, èló ni yóò ná káńsù Ìjùmú tàbí ti Yàgbà?

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: kí ni wàhálà gbogbo èyí, ṣé kí wọ́n má kúkú fòfin de ọtí pátápátá? Èrò yìí ní gbòǹgbò ní ilẹ̀ wa. Ọdún 1908 ni Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ SIM (Sudan Interior Mission), dé Ẹ̀gbẹ̀, ìjọ tó sì ti inú iṣẹ́ wọn jáde, tó di ECWA lónìí, kò fàyè gba ọtí rárá. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Yàgbà àti Mopa ni kò sẹ́ni tó tọ́ bíà wò nínú wọn láti ìran bàbá bàbá wọn. Àwọn Mùsùlùmí wa pẹ̀lú kò ní gbà. Ẹ wá sọ̀kalẹ̀ wá sí Kabba, níbi tí ìjọ Àgùdà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: ẹ máa rí bàbá tó ti Máàsì dé tó jókòó síwájú ilé pẹ̀lú ẹmu rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Níbi ọdún iṣu ní Ogidi, níbi ìsìnkú àgbà, níbi ìdána, ta ló máa gbàdúrà láìsí ọtí? Ẹlẹ́mu tó ń gun ọ̀pẹ láàárọ̀ kùtù náà fi ń rán ọmọ níléèwé.

Ìran wa sì ti rí òfin tó de ọtí rí. Lọ́dún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fẹnu kò ní Brussels pé kí wọ́n má ṣe kó ọtí líle wọ apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Àríwá Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, tí wọ́n sì fi Lọ́kọ́ja ṣe ibùjókòó àkọ́kọ́, èèwọ̀ ni wọ́n fi jíìnì òyìnbó ṣe fún ọmọ onílẹ̀. Kabba wà nínú Àríwá yẹn. Ní Gúúsù, jíìnì ń wọlé láti etíkun Èkó, owó kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ń bọ́ ìjọba. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọ̀kan ní Òmùò ní Èkìtì, ọ̀kan ní Iyamoye ní Ìjùmú, ìrìn àárọ̀ kan ló wà láàárín wọn. Ohun tí òfin gbà fún ẹni ìṣáájú ló kà sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnì kejì. Ààlà tó gba inú igbó kọjá bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ ṣọ́ ọ? Èrò tèmi ni pé káńsù kì í ṣe lèmọ́mù, kì í sì í ṣe pásítọ̀. Kó fi ọ̀rọ̀ ọ̀run sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín, kó mójú tó ariwo, ọmọdé, ojú ọ̀nà àti ìdọ̀tí. Ilẹ̀ Okun kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo pàápàá. Ohun tí Ẹ̀gbẹ̀ lè fara mọ́ lè máà bá Kabba lára mu, ìdí sì nìyẹn tí òfin fi gbé e fún káńsù tó sún mọ́ ilé, tí kò gbé e fún Àbújá.

Ojú ọ̀nà ló ń kó ìdààmú bá mi jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti da kọnkéré sí ọ̀nà Obajana sí Kabba, kìlómítà 43 tí ilé-iṣẹ́ Dangote ṣe, ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì ń gba àárín wa kọjá tọ̀sán-tòru. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró, oúnjẹ á débẹ̀, ọtí náà á débẹ̀. Ẹ dúró sí ibi tí àwọn tírélà ń páàkì nírọ̀lẹ́. Ẹ máa rí tábìlì kékeré tí ìgò pàràgà wà lórí rẹ̀, egbòogi rẹ́súrẹ́sú nínú ògógóró, ife kékeré kan tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n fún gbogbo ẹni tó bá dé, tí wọ́n ń ṣan nínú omi kan náà. Awakọ̀ á sọ ọ́ sẹ́nu, á nu ẹnu, á sì padà sídìí ọkọ̀ tó wúwo ju ilé lọ. FRSC ti ń pariwo lórí ọtí ní gáréèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n káńsù kan náà tó ni gáréèjì ló ni ìwé àṣẹ ọtí. Bí káńsù bá kọ̀ láti fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ nínú gáréèjì tàbí níbi tí tírélà ń sùn, tí ó sì dúró lórí rẹ̀, iṣẹ́ FRSC á fúyẹ́ ní ìlàjì. Èyí jẹ́ ibi kan tí mo gbà pé kí káńsù sọ pé rárá, láìsí àwíjàre kankan.

Ti ọtí inú ọ̀rá tún wà níbẹ̀. Ọmọ iléèwé lè fi owó ọ̀rá kan tó wà lápò rẹ̀ ra ọtí líle, kó fi pa mọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018 ni NAFDAC, iléeṣẹ́ ìlera àpapọ̀ àti àwọn tó ń ṣe ọtí jọ fọwọ́ sí àdéhùn láti fòpin sí i díẹ̀díẹ̀. Ní 2022, àjọ náà dá ìforúkọsílẹ̀ ọtí inú ọ̀rá àti ìgò tí kò tó mílílítà 200 dúró. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú un ṣẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọtí fẹ̀hónú hàn, ilé aṣojú-ṣòfin dá sí i, wọ́n sì sún un síwájú títí di ìparí ọdún 2025. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ilé aṣòfin àgbà ní kí wọ́n má tún sún un mọ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣì ń lọ síwá sẹ́yìn ní Àbújá. Lójú tèmi, kò yẹ kí káńsù wa dúró dè wọ́n. Káńsù kò lè fòfin de ohun tí NAFDAC ti fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ó lè kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé ẹni tó bá ta ọtí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ìwé rẹ̀ ti di òfo. Ó sì lè pinnu pé ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà iléèwé kò ní rí ìwé gbà.

Kí ló wá mú kí gbogbo èyí ṣe pàtàkì nísinsìnyí? Fún ọdún gbọọrọ, ìgbìmọ̀ fìdíhẹ ni àwọn gómìnà ń yàn sórí káńsù káàkiri Nàìjíríà, gómìnà sì ni irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jíhìn fún. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, àti pé káńsù tí ará ìlú kò dìbò yàn kò bófin mu. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni wọ́n dìbò ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 21 tó wà ní Kogí, ẹgbẹ́ APC sì kó gbogbo ipò alága. Èrò kálukú nípa ìbò yẹn yàtọ̀. Ohun tó dájú ni pé alága wà ní Kabba/Bùnú, ní Ìjùmú, ní Mopa-Muro, ní Yàgbà méjèèjì, káńsílọ̀ sì wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tí a mọ ilé bàbá rẹ̀. Wọn kò lè máa sọ mọ́ pé àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n òmìnira owó lè mú kí ọ̀rọ̀ náà burú sí i pẹ̀lú. Káńsù tó ń wá owó kún owó kò ní fẹ́ sọ pé rárá fún ẹni tó mú owó ìwé àṣẹ wá. Yunifásítì ìpínlẹ̀ wà ní Kabba báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ ń pọ̀, ilé ọtí náà ń pọ̀ tẹ̀lé wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ owó. Ìjókòó káńsílọ̀ ni wọ́n ti lè dí ihò yìí: kí wọ́n gbé òfin káńsù kan kalẹ̀ tó sọ aago tí wọ́n gbọ́dọ̀ tì, bí ilé ọtí ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí iléèwé, ilé ìwòsàn àti ilé ìjọsìn tó, àti bí aládùúgbò ṣe lè takò. Ní Yàgbà, ẹ̀rù ajínigbé ti mú kí ọ̀pọ̀ tètè máa tì fúnra wọn. Ìyẹn ni pé a lè tètè tì láìkú sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun búburú ló kọ́ wa.

Ẹni tí ilé ọtí bá ń dà láàmú lónìí lè ṣe ohun kan kí òfin káńsù yẹn tó dé. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ má fẹnu sọ ọ́ nìkan. Ẹ kọ ọ́ sí akọ̀wé káńsù, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù yín, ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ sí àwọn wolé-wolé. Ẹ kọ òpópónà, ọjọ́ àti aago tí ariwo bẹ̀rẹ̀, kí àwọn aládùúgbò bíi mẹ́ta jọ fọwọ́ sí i. Kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tó kù lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì. Nínú lẹ́tà náà, ẹ béèrè ẹ̀dà ìwé àṣẹ ibẹ̀, orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, àti ìlànà tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìròyìn lọ́wọ́ ìjọba ti wà láti 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dájọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ nìkan ló dè. Ọjọ́ méje ni òfin náà fún wọn láti fèsì.